Kọ̀ǹpútà Tó Yadi

Kí la ti mọ̀ ná? Bí Tíṣà Bámgbóṣé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ìṣirò ló fẹ́ kọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ àga tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló fẹ́ tún ṣe. Láàárọ̀ Sátidé yìí, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Anglo Jos, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí a gbọ́dọ̀ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó lè fi lẹ́tà hàn, kó tó lè dún. A mọ̀ pé iná rẹ̀ tàn. A mọ̀ pé lẹ́tà hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn nìkan ni kò sí.

Ohùn náà gan-an ló sì nílò. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ló ti kọ́ ẹ̀rọ yìí ní dò, re, mí. Bí èèyàn bá tẹ igbá sínú rẹ̀, yóò fi ohùn kọ re, mí. Bó bá tẹ ìgbà, yóò kọ dò, dò. Nígbà tó yá, ó gbé e pamọ́, ó gbà pé ẹnu òun nìkan tó láti fi kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos, tí Hausa dùn lẹ́nu wọn ju èdè bàbá wọn lọ. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń wá.

Ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ibà dá a gúnlẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ léraléra kó tó dìde. Ìgbà tó padà sí kíláàsì ló rí i pé ohùn àwọn ọmọ ti bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti di re, re, re. Rùkáyyàh, ọmọ Lááwàlì aládùúgbò rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n jù láàárín wọn tẹ́lẹ̀, kò lè pe igbá mọ́. Tíṣà ní kó dúró lẹ́sẹ̀ kan títí yóò fi pè é bó ṣe tọ́. Igba, ni ọmọ náà wí. Igba. Igba. Ó ń wí i, ó ń sunkún, títí kíláàsì fi parí.

Òbí kan yọ ọmọ rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní Tíṣà ti le jù. Òun náà ní kí àwọn tó kù wá lọ́sàn-án òní, kí ẹ̀rọ ṣe adájọ́, nítorí ẹ̀rọ kì í bínú sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ kò bá fọhùn, kíláàsì tú nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tó tún ń jí Tíṣà láàárọ̀.

Ó ní kí ẹ̀rọ máa fi ohùn kọ igbá lákọtúnkọ. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó yí bọ́tìnnì ohùn tẹlifíṣọ̀n dé òpin, ó fi í síbẹ̀. Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lábẹ́ fèrèsé sá lọ sí ìdí ọgbà. Ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fi mítà kan ẹsẹ̀ sípíkà. Abẹ́rẹ́ mítà ń fò sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Iná ń dé ibẹ̀. Èyí náà, a ti mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ kan bà á léjìká, ó ta gìrì. Mojọlá ọmọ rẹ̀ ni, ó ti ilé ìdáná wá.

"O tún ń yọ́ rìn bí ológbò."

Mojọlá gbé ife kùnú lé orí tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tí orí ń fọ́. "Ó ń dùn, Bàbá."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "'Ó dùn' là ń wí. Kùnú kì í 'ń dùn'. Ẹ̀yin ọmọ Jos, Yorùbá yín á pa mí."

"Haba, Bàbá. Ó ń dùn." Ó fẹnu júwe orí tẹlifíṣọ̀n.

Tíṣà wo kùnú náà. Ojú kùnú ń gbọ̀n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ife. "Mo ti rí i, màá mu ún. Jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ná."

Ìgbà náà ni Lááwàlì wọlé, ará Ìlọrin tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní ọjà Terminus. Ó ti fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo etí, bí ẹni pé ọyẹ́ kò tíì lọ. Irùngbọ̀n bo ètè rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yé Tíṣà dáadáa mọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa."

"Àánú kọ́ ló ń kọ́ ọmọ, Lááwàlì. Ṣé o mú sípíkà mìíràn wá?"

Lááwàlì wo Mojọlá. Ó na ọwọ́, ó yí bọ́tìnnì ohùn sẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀," ni Tíṣà wí. "A ò tíì rí ohùn, o ti ń dín in kù."

Ojú kùnú dúró jẹ́ẹ́. Lááwàlì àti Mojọlá kọ̀yìn sí Tíṣà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń mì bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, Lááwàlì ti ṣí fìlà, ó dì í mú láyà.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, bó ṣe máa ń wí fún àwọn ọmọ kíláàsì. "A mọ̀ pé iná dé. A mọ̀ pé wáyà dára. A mọ̀ pé iná ń dé sípíkà. Mojọlá, kí ló kù tí a ó dán wò?"

Mojọlá mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ sídìí pátákó tí igbá, ìgbà àti igba wà lára rẹ̀, ó ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àmì ohùn kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Ó ń dún, Bàbá, láti àárọ̀. Etí yín ló kù tí a ó dán wò.