Ìpínrọ̀ Tó Jókòó Dáadáa

Bàbá Rúlà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ní rúlà kankan lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ni rúlà. Bí síláìdì bá hàn lára ògiri, tí ìlà kan fi díẹ̀ yọ sọ́tùn-ún ju èkejì lọ, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́ títí ìpàdé á fi parí. Òun ló ń bá gbogbo ọ́fíìsì to ọ̀rọ̀ sórí síláìdì: á fa àpótí ọ̀rọ̀ gùn, á fẹ àlàfo àárín ìlà, á sún ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ wọlé díẹ̀, á wá fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò kàn án. Nígbà tí akọ̀wé tó jókòó tì í bi í léèrè ìdí, ó ní ṣé bíríkìlà máa ń bèèrè ẹni tó máa sùn sínú yàrá ni.

Ó mọ̀ pé àìsàn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan, ìyàwó òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn síta, kóun tètè mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Èsì tóun fi ránṣẹ́ padà ni pé kó máa fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdánudúró. Òjò pa obìnrin náà dáadáa. Bàbá Rúlà á ti máa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í fi ṣàwàdà ni ipò olórí ẹ̀ka. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ síbòmíràn, àga rẹ̀ sì ṣófo. Bàbá Rúlà fẹ́ àga yẹn débi pé, bó bá ku òun nìkan, ó máa ń lọ jókòó lé e wò. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ti pàdé máníjà lọ́nà yàrá ìpàdé, ìráhùn ló kù: ẹ̀yìn ń dun òun, ó ti rẹ òun, bó bá ṣe tòun ni, òun ì bá lọ jókòó sílé. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kàn rò pé bó ṣe yẹ kí àgbà òṣìṣẹ́ máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Obìnrin ni máníjà, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ bá gbogbo òṣìṣẹ́ ṣèpàdé, ó wá sídìí tábìlì rẹ̀, ó ní òun ti fi síláìdì tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ sí i. Ó dẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìpínrọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, bàbá. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ yọ ìkejì. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni màá kà fún wọn lọ́la. Ẹ bá ìyàwó yín sọ ọ́."

Bàbá Rúlà rẹ́rìn-ín. Kò sí síláìdì tó tò tí kì í fi han ìyàwó rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló sì mọ̀. Ó gbà pé máníjà ń dá òun lápàárá ni. Inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí wọ́n bá fi irú nǹkan báyìí lé lọ́wọ́, wọ́n fọkàn tán an nìyẹn. Àga olórí ẹ̀ka kò jìnnà mọ́.

Ó ṣí síláìdì náà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé wò: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ìlà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó dá dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Ó dín lẹ́tà kù, ọ̀rọ̀ náà kò gòkè. Ó fẹ àpótí, àpótí lọ kọ lu àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bú u. Èkejì ńkọ́? Ẹwà ni. Ìlà mẹ́rin tó kún dọ́gba, etí ọ̀tún àti tòsì gún régé. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa àkọ́kọ́ rẹ́, ó gbé èkejì sáàárín, ó sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ó mú un nípọn, ó fi ìlà aláwọ̀ búlúù yí i ká, ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè wò ó láti òkèèrè. Akọ̀wé bi í pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní ìlà mẹ́rin.

Nílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé máníjà ní kóun mú ọ̀kan nínú ìpínrọ̀ méjì, òun sì ti mú èyí tó dára. Aṣọ ni ìyàwó ń ká. Kò gbójú sókè. Síláìdì ti sú u. Ó ní bó bá ti wù ú, ó wu òun náà, kó ṣáà jẹ́ kóun mọ ọjọ́ tí wọ́n bá fi í ṣe olórí, kóun lè tètè pe ẹ̀gbọ́n òun.

Láàárọ̀, máníjà wo síláìdì náà títí.

"Ṣé ó dá yín lójú, bàbá?"

"Ó dá mi lójú, mà. Kò lẹ́gbẹ́."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó ní bó bá ti wù mí, ó wu òun náà."

Máníjà mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Bàbá Rúlà rò ó lọ́kàn pé obìnrin yìí mọ iṣẹ́ gidi bó bá rí i.

Níbi ìpàdé, iwájú ló jókòó sí. Nígbà tí síláìdì tó gbẹ̀yìn hàn, gbogbo yàrá dákẹ́, wọ́n sì yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, ìpínrọ̀ kan kò tíì pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ báyìí rí. Orí rẹ̀ wú, ó rọra tẹrí ba fún wọn.

Máníjà wá gbóhùn sókè, ó kà á: "Àgbà òṣìṣẹ́ tó ń bá wa to síláìdì, tí a fi ipò olórí ẹ̀ka lọ̀, ti dúpẹ́, ó sì ti kọ̀ ọ́, ìsinmi ló yàn, òní ló sì ń fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká dìde pàtẹ́wọ́ fún un."