Táyà Yìnyín Nínú Oṣù Kẹwàá

"Ìyá Solange, ẹ rọra o! Òógùn ṣì ń bọ́ lára mi, ẹ̀yin ń béèrè táyà yìnyín!" Gervais mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni òfin Quebec níbí ní ká dè é. Tẹ́ ẹ bá fi rìn lórí títì gbígbẹ, á tètè jẹ."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. "Yìnyín ò mọ òfin yín, Gervais. Èwo ló di ilẹ̀ mú jù?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, yìnyín fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ òfin. Ọkọ̀ kan tó ṣì wọ táyà ìgbà ooru yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó sì gbá Solange, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí, pa létí ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Eléyìí tó ní ìṣó kéékèèké tó ń gún yìnyín lára yìí ni."

"Fún mi ní mẹ́rin. Kó o dè é lónìí, lójú mi."

"Orúkọ yín ni kí n kọ síwèé?"

"Rárá o. Kọ Normand Gagné."

Bírò dúró lọ́wọ́ Gervais. Ó yọjú wo ìta. Ọkọ̀ pupa kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan sì dorí kodò lórí sítíárì.

"Màmá… òun mà ló wa ọkọ̀ tó gbá Solange…"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kó máa bọ̀. Ọjọ́ òfin lòun náà tún ń retí lọ́dún yìí. Ọkọ̀ yẹn ló sì fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ síléèwé láràárọ̀."

Ìyá náà jáde. Ó ń kọ orin lábẹ́nú, èyí tó fi máa ń rẹ Solange lẹ́kún, títí ó fi kan gíláàsì ọkọ̀ náà.

"Normand, sọ̀ kalẹ̀. Gervais ti ń dúró dè ẹ́ pẹ̀lú táyà, ọmọ mi."