Ìwọ̀n Àkànkẹ́ Oníṣòó

Port Harcourt, 1969. Gbogbo ilé ló ń tún òrùlé tógun bà jẹ́ kàn.

Dúrósinmí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwọ̀n wò, dé ìsọ̀ Àkànkẹ́ tó ń ta ìṣó.

"Màmá, ìwọ̀n yín ò ní òǹtẹ̀ ìjọba. Òfin ní kí n gbé e."

"Ọ̀gá, abeg! Òun ni mo fi ń jẹun."

Àwọn oníbàárà ń bá a bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan rọ̀ mọ́ ìwọ̀n náà. Dúrósinmí ò wo ojú rẹ̀.

Ó gbé irin pọ́n-ùn kan tìjọba lé e. Ọwọ́ ìwọ̀n ò dé orí pọ́n-ùn kan.

"Màmá, ìṣó tí ẹ ń wọ̀n fún wọn ti pọ̀ jù!"

Àkànkẹ́ figbe ta. "Ẹ tètè gbé e lọ, ọ̀gá!"

Obìnrin yẹn ò jáwọ́.

"Bàbá Ṣàfíù," ló sọ sí Dúrósinmí, ọkọ rẹ̀, létí, "ẹ jẹ́ ká kan òrùlé tiwa tán ná."