Ta Ló Jí Àwọ̀n Apẹja?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ má ké olè kí ẹ tó rántí ibi tí ẹsẹ̀ yín dé lánàá.

"Olè! Wọ́n ti jí àwọ̀n mi!" Apẹja náà ń sáré kiri etíkun ìlú Moree láàárọ̀ Ọjọ́rú, sálúbàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀, ọtí àná ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ̀. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó jí i, kí òkun gbé e mì!"

"Sálúbàtà kejì ńkọ́?" Ekua Mansa, tó ń yan ẹja, ló bi í.

"Olè náà ló gbé e!"

"Áà, olè ẹlẹ́sẹ̀ kan nìyẹn o!"

Bí Nana Bentsil, olórí àwọn apẹja, ṣe dé ni ọkọ̀ tó jáde ní ìdájí gúnlẹ̀. Wọ́n wọ́ àwọ̀n kan bọ́ sílẹ̀. Ẹja inú rẹ̀ ti ń rùn.

"Tèmi ni! Ẹ wo òwú pupa tí ìyàwó mi fi tún un ṣe!" Apẹja náà dì mọ́ ọn bí ọmọ.

"Inú òkun la ti bá a, wọ́n dẹ ẹ́ síbẹ̀ ni," ọlọ́kọ̀ wí. "Èyí há sí i." Ó na sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì sókè.

Àná ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí òkun ń sinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í pẹja. Ẹni tó bá dẹ àwọ̀n lọ́jọ́ náà yóò san àgbò méjì, wọn a sì so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù kan.

"Àbúrò," Nana rẹ́rìn-ín músẹ́, "ṣé kí a bá ọ wá olè náà?"

Apẹja náà rọra ri ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó wọ sálúbàtà, mọ́ inú yanrìn.