Àpótí Tó Ń Lọ Sórí Òṣùpá

Ìyá Ìbídùn gbé ìgò kékeré kan lọ bá Adégòróyè, oníṣẹ́ àpótí ní Ṣakí. Òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló wà nínú ìgò náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìbídùn ti ń ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá. Àràárọ̀ ni wọ́n ń rí ojú ara wọn nínú fóònù, àmọ́ fóònù kì í gbé òórùn. Ẹrù ẹyọ kan ṣoṣo ni òfin sì gbà kí ìyá fi ránṣẹ́ sọ́mọ lọ́dún.

Wọ́n mú àpótí líle kan tó gba ìgò náà.

"Kí ni ká fi tẹ́ inú rẹ̀, mà, kí ìgò má baà mì? Fóòmù wà, àrán náà wà."

"Ṣé wọ́n ń ka ìyẹn mọ́ ẹrù?"

"Rárá o. Ara àpótí ni."

Ìyá tú ọ̀já tó sán mọ́dìí. "Èyí ni mo fi pọn ọ́n. Òun ni kí o fi tẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ ná, mà."

"Má fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Tó bá mọ́, Ìbídùn kò ní gbọ́ òórùn mi níbẹ̀ mọ́."

Adégòróyè rọra ká ọ̀já náà yí ìgò ká, ó sì dé àpótí.