Gbogbo Ẹ̀ka

Mo kọ́kọ́ rò pé òórùn òkú eku ni. Ilẹ̀ ti ṣú, èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì, mo ń da gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa kọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun tó wà nílé ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí. Ẹ̀ka mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní, èmi ni mo ya gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìkẹrin yọjú lójú kọ̀ǹpútà, kò lórúkọ. Bó ṣe yọjú ni òórùn náà le sí i, itọ́ kíkorò kún mi lẹ́nu. Nǹkan kan ń jẹun wọ̀mùwọ̀mù lẹ́yìn àga mi, ó tún ń pọ́nnu lá. N kò bojú wẹ̀yìn.

Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. "Sà, ẹ̀ka kan wà níbí tí kì í ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá fa gbùúrù, gbùúrù á fa igbó o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni, Bọ́sẹ̀dé? Mo ní gbogbo ẹ̀ka!"

Mo pòṣé, mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kó ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, sà."

Ọ̀gá bi mí pé, "Kí ló ń rùn báyìí?"

Lẹ́yìn ohùn wọn, nínú fóònù, mo gbọ́ ọ: wọ̀mùwọ̀mù.

Lẹ́yìn àga mi, tèmi náà kò sì tíì jẹun tán.