Ìlà Kan Tí Kíákíá Kò Kọ

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á dópin fúnra yín, torí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò jọ ibi tó parí sí.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan ló fi ń parí ẹ̀, á sì máa yan kiri bí àkùkọ. Bọ̀dá rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ń lagi ní ilé ìlagi. Ọwọ́ ọ̀tún bọ̀dá yìí ló tọ́ ọ dàgbà: ọwọ́ yẹn ló bọ́ ọ, òun ló rán an nílé ìwé, òun náà ló sì máa ń gbá a létí nígbà tó bá ṣàṣejù.

Ayùn márùn-ún ló wà nílé ìlagi náà. Irin bo gbogbo wọn, ariwo wọn sì dà pọ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú tàbí etí mọ èyí tó ń yí. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò: ojú dúdú, ọ̀rọ̀ funfun, kò sí àwòrán kankan. Ayùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀: Ó Ń YÍ, tàbí Ó DÚRÓ. Kíákíá ló kọ ètò náà. Láíbìrì kan ló fi kọ ọ́, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ táwọn àgbà ti ṣe sílẹ̀, tó ń bá ètò gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà.

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ̀dá pè é lórí fóònù pé ètò náà máa ń dákú díẹ̀, á tún jí. Màmá Awò, obìnrin tó kọ́ Kíákíá níṣẹ́, tó máa ń fi awò kan sójú, kó tún gbé òmíì sórí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Láíbìrì yẹn ní ìtọpasẹ̀ nínú," ni màmá wí. "Ìlà kan lo máa kọ, á sì tàn. Bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ, ibi tó kọ ọ́ sí, gbogbo ẹ̀ ló máa kó sínú fáìlì lọ́tọ̀. Kó o wá jókòó kà á."

"Màmá, ta ló ráyè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà? Ojú kọ̀ǹpútà níbẹ̀ náà ni mo máa jẹ́ kí ètò ti sọ ibi tó dé fún mi."

"Lójú kan náà? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Láíbìrì ò ní mọ̀ pé o kọ nǹkan síbẹ̀. Ohun tó rò pé ó wà lójú, àti ohun tí èèyàn ń rí, ò ní bára mu mọ́!"

"Àwọn arúgbó ló ń tọpasẹ̀."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kíákíá já a gbà, ó sì fi ìbínú ti àga màmá dànù. Màmá Awò forí sọ etí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, awò méjèèjì sì fọ́. Kíákíá fi bàtà tẹ àfọ́kù kọjá, kò wẹ̀yìn.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ètò náà lọ sílé ìlagi. Kò dán an wò níbòmíì. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tó kì bọ inú ẹ̀ jáde nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà pátápátá: MO DÉ IBÍ. Àyè ò sí nísàlẹ̀ mọ́, ni gbogbo ìlà bá fi ẹyọ kan sún sókè. Ìlà ayùn karùn-ún wá bọ́ sí ibi tí ti ẹ̀kẹrin wà tẹ́lẹ̀. Láíbìrì ò mọ̀.

Àsìkò yẹn ni wọ́n dá ayùn kẹrin dúró láti pààrọ̀ eyín rẹ̀. Láíbìrì lọ síbi tó mọ ẹ̀kẹrin sí, ó kọ Ó DÚRÓ. Orúkọ karùn-ún ló sì wà níbẹ̀.

Igi há sí ayùn karùn-ún, tí bọ̀dá ń ṣọ́. Bí igi bá há, ayùn sábà máa ń dá ara rẹ̀ dúró, òfin ibẹ̀ sì ni pé kéèyàn wo ojú kọ̀ǹpútà kó tó ti ọwọ́ bọ ihò abẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá wò ó. KARÙN-ÚN: Ó DÚRÓ. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́.

Ayùn ò dúró. Ó fa ìbọ̀wọ́, ó fa ọwọ́, ó ń fà á lọ títí ó fi kan ìgúnpá. Egungun ń dún bí igi gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ta mọ́ ògiri, ó ta sójú kọ̀ǹpútà, ó bo Ó DÚRÓ mọ́lẹ̀.

4.
Kíákíá sáré dé. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde: "Ètò mi ò láṣìṣe! Bọ̀dá ni ò wò ó dáadáa!"

Ìyàwó bọ̀dá, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, gbé pátákó, ó fi là á lẹ́nu. Eyín méjì já sílẹ̀. "Tún un sọ! Mo ní kó o tún un sọ!" Àwọn tó ń lagi níbẹ̀ dà bò ó, ìpá lọ́tùn-ún, ìpá lósì.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Màmá Awò ló dé, tòun ti báńdéèjì lórí. Ó ní kí wọ́n pa iná gbogbo ayùn. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo, ó tan ìtọpasẹ̀, ó tún ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì, ó fi àfọ́kù awò sójú kan, ó ń kà á síta.

"Láíbìrì ní ìlà ayùn kẹrin lòun kọ Ó DÚRÓ sí. Kò sí MO DÉ IBÍ nínú gbogbo ohun tó kọ. Kíákíá, ta ló kọ ọ́?"

Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu Kíákíá.

5.
Nílé ìwòsàn, ọjọ́ kẹta, bọ̀dá lajú. "Kí ló yẹ kó o ṣe tó ò ṣe?"

"Ìlà kan ni, bọ̀dá mi. Ìlà kan ṣoṣo."

"Sún mọ́bí."

Kíákíá sún mọ́ ọn, ó di ojú, bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Bọ̀dá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti gbá a létí. Atẹ́gùn nìkan ló kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kíákíá. Nígbà tó lajú, bọ̀dá ń wo ibi tí ọwọ́ ọ̀hún parí sí, nínú báńdéèjì. Bọ̀dá wá figbe ta, igbe tí kò ké nígbà tí ayùn mú un.

Gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ Kíákíá ló ti jinná. Ìgbátí tí kò bà á yẹn ni kò jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, mo kìlọ̀ fún yín: ojú tí ẹlòmíì ń wò kó tó ti ọwọ́ bọ ewu, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín dà á rú. Ẹ tan ìtọpasẹ̀, ẹ jókòó, ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Bí àgbà bá ní kẹ́ ẹ rọra, ẹ má ṣe tì í ṣubú. Ẹ wá fi èyí ránṣẹ́ báyìí sí ẹni tó ń kánjú jù lọ nínú àwọn tẹ́ ẹ mọ̀, nígbà tí ọwọ́ gbogbo ará ilé rẹ̀ ṣì pé.